Títẹ̀lé Ìrù Àkeekèé: Láti Athens dé Gavdos

Ọjọ́ Ajé, Athens

Ìparí oṣù keje la yàn, nítorí ìgbà yẹn ni Àkeekèé máa ń wà ní gúúsù gan-an bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú tán. Òṣùpá náà kò ní dí wa lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bá mi wá. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ kò kàn wọ́n, òkun ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. A ti fẹnu kò láti ilé pé ọ̀sán jẹ́ tiwọn, òru jẹ́ tèmi.

Ìrù rẹ̀ ni mo ń wá. Scorpius, ìyẹn Àkeekèé, jẹ́ ọ̀kan nínú àgbájọ ìràwọ̀ 88 tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé fọwọ́ sí ní 1922. Ó wà láàárín Libra tí í ṣe Òṣùwọ̀n àti Sagittarius tí í ṣe Tafàtafà, Ophiuchus, ọkùnrin tó di ejò mú, sì dúró lé e lórí lápá àríwá. Púpọ̀ nínú àgbájọ ìràwọ̀ ni kò jọ ohun tí wọ́n fi ń pè é. Èèyàn á wo Lupus títí ojú á fi ro ó, kò ní rí ìkookò kankan níbẹ̀. Èyí yàtọ̀. Orí wà níbẹ̀, àyà pupa wà níbẹ̀, ara tẹ̀ wá sísàlẹ̀, ìrù wá ká sókè, ìràwọ̀ méjì sì sún mọ́ra ní góńgó ìrù bí ibi tí oró wà.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé bí èèyàn bá ṣe wà ní àríwá tó ni ilẹ̀ ṣe ń gé ìrù náà kúrò. Ní London, Antares tí í ṣe àyà rẹ̀ kì í ga ju dígírì 12 lọ sí ojú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni Sargas, ìràwọ̀ tó wà níbi tí ìrù ti ṣẹ́rí padà, kì í yọ rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀ Gíríìsì fúnra rẹ̀, níbi tí ìtàn Àkeekèé ti wá, kí n rí ibi tí ara rẹ̀ ti máa pé.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ni National Archaeological Museum. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń wá kànrìnkàn inú òkun ló rí ọkọ̀ kan tó rì sẹ́bàá erékùṣù Antikythera ní 1900, ohun tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e sì ní ẹ̀rọ idẹ kan nínú, tó ti lé ní 2,000 ọdún, tí wọ́n fi ń ṣírò ìrìn oòrùn àti òṣùpá. Ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀ka mẹ́ta tó tóbi jù wà nínú gíláàsì, wọ́n ti dípẹtà, wọ́n tutù yọ̀yọ̀ lójú. Ẹ̀ka kẹta, C, ni mo dúró tì. Apá kan lára òrùka tí wọ́n pín sí ilé méjìlá tí oòrùn ń là kọjá lọ́dún ṣì kù lára rẹ̀, níbi tí a sì ti máa kà "Òṣùwọ̀n" lónìí, ΧΗΛΑΙ ni wọ́n fín síbẹ̀: Ẹ̀mú. Ẹ̀mú ta ni? Ti Àkeekèé ni. Nígbà ayé àwọn tó rọ ẹ̀rọ yìí, ilé méjì ni ẹranko náà gbà lójú ọ̀run, ara rẹ̀ nínú ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ nínú èkejì. Àwọn ará Róòmù ló wá sọ ọwọ́ náà di òṣùwọ̀n. Ìràwọ̀ méjèèjì tó mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀: Zubenelgenubi àti Zubeneschamali ni wọ́n ṣì ń jẹ́, èdè Lárúbáwá ni, ẹ̀mú ti gúúsù àti ẹ̀mú ti àríwá. Nítorí náà wọ́n ti gba ọwọ́ lọ́wọ́ ẹ̀dá yìí kí ilẹ̀ tó gba ìrù.

Lálẹ́, a gun òkè Filopappou. Iná ìlú pọ̀. Antares hàn, ó pupa, ó ń ṣẹ́jú. Mo rí Dschubba àti Acrab níwájú orí. Lápá etíkun Faliro, ìmọ́lẹ̀ gbogbo ibẹ̀ ti gbé ìyókù mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Piraeus

A wọ ọkọ̀ ojú omi lálẹ́, Chios la ń lọ. Iná orí ọkọ̀ kò jẹ́ kí n rí nǹkan kan. Mo sùn.

Ọjọ́rú, Chios

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ la gúnlẹ̀. Erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Chios yìí ni Aratus fi ikú Orion sí nínú *Phaenomena*, ewì tó kọ nípa ìràwọ̀ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Ó ní Orion, ọdẹ tó ga bí igi ìrókò, wá síbí láti pa àwọn ẹranko inú igbó fún ọba Oenopion kó lè rí ojú rere rẹ̀. Níbi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ló fọwọ́ di aṣọ Artemis mú, òrìṣà obìnrin tó ni ọdẹ ṣíṣe. Artemis kò bá a jà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ńṣe ló la àwọn òkè tó wà láàárín erékùṣù náà, àkeekèé kan jáde láti inú wọn, ó tóbi ju Orion tó tóbi lọ, ó ta á, ó sì pa á.

Mo ti ka ìtàn náà lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì ka òkè sí nínú rẹ̀ títí a fi débẹ̀. Láti etíkun, Pelinaio ni èèyàn á kọ́kọ́ rí lápá àríwá, òkúta funfun gbòò, mítà 1,297 ni gíga rẹ̀. Ibi tí òjò ti wọ́ ara òkúta wọ̀nyẹn ya lati òkè délẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ibi tí ẹ̀dá tó tóbi bẹ́ẹ̀ máa gbà jáde kò ní jìnnà kó tó rí i.

Àwọn mìíràn sọ ohun tí Orion ṣe ní Chios lọ́nà míì. Wọ́n ní ó mutí yó, ó fọwọ́ kan Merope ọmọ ọba, Oenopion sì fọ́ ọ lójú, ó lé e dànù sí etí òkun. Orion táràrà títí dé Lemnos, Hephaestus alágbẹ̀dẹ ṣàánú rẹ̀, ó fún un ní ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Cedalion, Orion gbé e kọ́ èjìká kó máa júwe ọ̀nà, wọ́n kọjú sí ìlà-oòrùn, oòrùn sì wo ojú rẹ̀ sàn. Ó padà wá gbẹ̀san. Àwọn èèyàn Oenopion ti fi ọba wọn pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀, nígbà tí kò sì rí i, ó mú ọ̀nà Crete pọ̀n. Àwa náà ń bọ̀ lọ́nà yẹn.

Gúúsù erékùṣù náà la sùn sí, níbi tí igi masticha pọ̀ sí. Lálẹ́, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, mo wà létí omi. Nǹkan tí mo máa ń fi wọn ojú ọ̀run kò ju ìkúùkù mi lọ. Bí èèyàn bá na ọwọ́ síwájú, ìkúùkù kan jẹ́ nǹkan bí dígírì 10. Antares ga ju ìkúùkù méjì àti ààbọ̀ lọ ní irun díẹ̀. Ìràwọ̀ oró méjèèjì, Shaula àti Lesath, ga tó ìkúùkù kan àti ààbọ̀. Inú mi dùn, nítorí èyí ni mi ò rí ní Athens. Àmọ́ Sargas wà ní nǹkan bíi dígírì 8 sí òkun, kùrukùru omi sì ti mú un. Mo ń rí i, mi ò rí i.

Ẹni tó bá ń ka Aratus lónìí létí omi yìí kò rí ohun tí Aratus rí. Ayé ń yí bí òkòtó tó fẹ́ dákú, òpó tó ń yí lé lórí ń yí òun náà, ó sì ń gba nǹkan bí 26,000 ọdún kó tó yípo lẹ́ẹ̀kan. Hipparchus, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Gíríìsì, ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú Kristi. Nítorí ìyẹn, Àkeekèé ti rọra ń wálẹ̀ lójú àwọn ará Gíríìsì láti ìgbà yẹn wá. Ìṣírò mi ni pé nígbà ayé Aratus, Antares ga ju báyìí lọ ní Chios pẹ̀lú dígírì tó lé ní 7, oró rẹ̀ sì ga jù báyìí pẹ̀lú bíi 5. Ìyẹn ni pé àwọn tó sọ ìtàn náà kò ní láti rìnrìn àjò kankan. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni gbogbo ẹranko náà wà.

Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀nà

Ọkọ̀ òfúrufú láti Chios sí Athens, a dúró pẹ́, a tún wọ òmíràn sí Heraklion. Ibi ìdúró yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti bi mí léèrè.

"Ṣé àkeekèé tí èmi náà jẹ́ nìyí? Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni wọ́n bí mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Inú Libra ni oòrùn wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín."

"Ta ló ní kó o bá mi yẹ̀ ẹ́ wò?"

Bó ṣe rí ni mo sọ fún wọn. Àwọn tó pilẹ̀ ilé méjìlá yẹn pín ọ̀nà oòrùn sí ọgbọọgba, dígírì 30 fún ilé kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà ìrúwé ni wọ́n sì ti ń kà á. Yíyí ayé tí mo kọ nípa rẹ̀ lánàá ti ti ìràwọ̀ kúrò lábẹ́ orúkọ wọn. Tí a bá tẹ̀ lé ààlà tí Eugène Delporte, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Belgium, yà fún àgbájọ ìràwọ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1930, oòrùn máa ń wọ inú Scorpius ní nǹkan bí ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá, ó sì ti jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 29. Ọ̀sẹ̀ kan ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa lo nǹkan bí ọjọ́ 18 nínú Ophiuchus, tí àwọn awòràwọ̀ inú ìwé ìròyìn kì í dárúkọ rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kò gbà, pé bí oòrùn bá lo ọ̀sẹ̀ kan péré níbẹ̀, a jẹ́ pé àwọn ojúlówó Àkeekèé kò pọ̀, àwọn sì wà lára wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, Nida, ní Crete

Láti Anogeia, ọ̀nà gòkè títí dé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nida, ní nǹkan bíi mítà 1,400, lábẹ́ òkè Psiloritis tó ga jù ní gbogbo Crete, mítà 2,456. Ihò àpáta kan wà lára òkè náà, Ideon Andron, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti tọ́ Zeus, ọba àwọn òrìṣà Gíríìsì, dàgbà ní ìkọ̀kọ̀ kí bàbá rẹ̀ má bàa gbé e mì. Lórí òkè mìíràn nítòsí, Skinakas, ni ilé ìwòràwọ̀ tí Yunifásítì Crete ń lò wà, tó ní awò awọ̀nàjíjìn tí dígí rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 1.3. A kò débẹ̀. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló wù mí.

Ìtàn ti Crete nìyí. Orion dé síbí, ó ń bá Artemis àti Leto ìyá rẹ̀ ṣọdẹ. Ọjọ́ kan ló yangàn pé kò sí ẹranko kan láyé tí òun kò ní pa, gbogbo wọn ni òun máa run. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gaia, ilẹ̀ tó bí gbogbo ẹranko, gbọ́. Ó rán àkeekèé sí i. Lẹ́yìn tí Orion kú, Artemis àti Leto bẹ Zeus, ó gbé ọdẹ náà sójú ọ̀run, ó sì gbé àkeekèé náà síbẹ̀ pẹ̀lú, kí a má gbàgbé.

Mo fẹ́ràn èyí ju ti Chios lọ. Ti Chios, ọ̀ràn ẹnì kan sí ẹnì kan ni, òrìṣà sì gbẹ̀san ara rẹ̀. Ti Crete ní ẹjọ́ nínú: ilẹ̀ fúnra rẹ̀ gbèjà àwọn ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lo kìnnìún tàbí ejò ńlá. Ohun tó ń gbé abẹ́ òkúta ló lò.

Ilẹ̀ ṣú, òtútù mú, ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ méjì lé ara wọn. Níbi tí a dúró sí, òkè wà ní gúúsù, ó sì gé ìrù kúrò ju ti Chios lọ. Bẹ́ẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹni tó gbé e sójú ọ̀run! Mo wá fi òru náà wo àyà.

Nínú awò olójú méjì, Antares kì í ṣe pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó jọ ẹyin iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Òmìrán pupa ni. Ó jìnnà sí wa tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 550, ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú mi lóru yìí ti kúrò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi awò awọ̀nàjíjìn wo ojú ọ̀run rí. Bí wọ́n bá gbé e sí ipò oòrùn wa, ayé á wà nínú ikùn rẹ̀, Máàsì náà á wà níbẹ̀. Máàsì yẹn gan-an ni àwọn ará Gíríìsì fi ń ṣe orogún rẹ̀, nítorí pé àwọ̀ wọn jọra, Máàsì sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ọdún méjì-méjì. Irú ìràwọ̀ báyìí kì í pẹ́ láyé. Á bú gbàù lọ́jọ́ kan, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún, a ó sì máa rí i lọ́sàn-án gangan.

Ó ní ẹnì kejì, ìràwọ̀ búlúù tó kéré tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i ló dùn mọ́ mi jù. Ní oṣù kẹrin 1819, ní Vienna, Johann Tobias Bürg ń wo bí òṣùpá ṣe ń bo Antares mọ́lẹ̀. Nígbà tí Antares máa jáde padà lẹ́yìn òṣùpá, ìràwọ̀ kékeré kan ló kọ́kọ́ yọ, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì kọjá kí ọ̀gá tó yọ. Òṣùpá ló bá a dí ọ̀gá náà lójú. Ní 2017, àwọn onímọ̀ tó lo àwọn awò ńlá orí òkè Paranal ní Chile papọ̀ wá yàwòrán ojú Antares fúnra rẹ̀, àti bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń ru sókè sódò lára rẹ̀. Kò sí ìràwọ̀ mìíràn yàtọ̀ sí oòrùn tí wọ́n ti ya irú rẹ̀ kó tó ìgbà yẹn.

Mo sún awò náà díẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún Antares. Àbàwọ́n funfun kan wà níbẹ̀, tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. M4 ni, òkìtì ìràwọ̀ tó tó ọ̀kẹ́ mélòó kan tí wọ́n wọ́ jọ sójú kan, tó jìnnà tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 6,000, tó sì jẹ́ ọ̀kan lára irú rẹ̀ tó sún mọ́ wa jù. Mo gbé awò fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ibo ni kí n wò?"

"Ẹ wo pupa yẹn, kí ẹ wá fojú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún, ẹ má tẹjú mọ́ ọn jù."

"Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan mí sí dígí."

Wọn kò tíì gbé awò náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo sì rí i pé òru kò ní jẹ́ tèmi nìkan mọ́.

Nínú ìlà ìràwọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ orí, Dschubba ló wà láàárín. Ní 2000 ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ju bó ṣe máa ń tàn lọ, afẹ́fẹ́ tó ń bọ́ lára rẹ̀ ló sì fà á. Lókè orí, níbi tí ojú lásán kò ti rí nǹkan kan, Scorpius X-1 wà. Wọ́n yin rọ́kẹ́ẹ̀tì sókè láti New Mexico ní Amẹ́ríkà ní 1962 láti wò bóyá òṣùpá ń tan ìtànṣán X. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti apá Àkeekèé ni ìtànṣán náà ti ń rọ́ wá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí i láti ẹ̀yìn agboolé oòrùn wa. Riccardo Giacconi, tó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Gavdos

Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ dé Chora Sfakion yí lọ yí bọ̀ títí orí fi ń yí ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé èbúté Karave lọ́sàn-án. Gavdos ni erékùṣù tó wà ní gúúsù jù ní gbogbo Yúróòpù, ó lé díẹ̀ ní ìlà ìbú 34 dígírì àti ààbọ̀. Iná kò pọ̀ níbẹ̀. A fẹsẹ̀ rìn lọ sí Trypiti, góńgó erékùṣù náà, níbi tí wọ́n gbẹ́ àga ńlá kan sí lórí òkúta, kí ẹni tó bá jókòó lé e lè kọjú sí òkun Líbíà. Láti ibẹ̀ títí dé Áfíríkà, omi nìkan ló wà.

Aago mẹ́wàá kọjá. Ó pé.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí, mo tọ ọ́ wá. Acrab, Dschubba, pẹ̀lú ìràwọ̀ tó tẹ̀ lé wọn, wọ́n tò ní ìlà. Antares wà láàárín ìràwọ̀ kéékèèké méjì tó ń ṣọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn rẹ̀, Larawag, ibi tí ara ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Mu (lẹ́tà Gíríìkì ni wọ́n fi ń pe òun àti Zeta, Eta pẹ̀lú Iota), tó jẹ́ ìràwọ̀ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn, ojú lásán sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà Zeta, lẹ́yìn náà Eta, gbogbo wọn ń sún mọ́ omi. Ibẹ̀ ni ìlà náà ti yí sí ìlà-oòrùn. Sargas ga ju ìkúùkù kan lọ báyìí, ó mọ́ rekete, kùrukùru kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti Sargas ni ìrù ti ṣẹ́rí padà sókè: Iota, Girtab, títí dé Shaula àti Lesath tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ga ní dígírì 18. Shaula ni ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ṣìkejì ní gbogbo ara rẹ̀. Ẹni tó wò ó láti Chios á sọ pé ó ń tàn. Níbí, ńṣe ló ń gún èèyàn lójú.

Milky Way, ìgbànú funfun tí àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà ṣe, gba àárín ìrù náà kọjá, ó sì nípọn jù lápá òsì rẹ̀, nítorí pé apá ibẹ̀ ni àárín gbùngbùn gbogbo ìṣù ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀ wà. Lókè oró, lápá òsì, ojú lásán rí àbàwọ́n méjì. Èyí tó tóbi ni M7. Ptolemy, onímọ̀ ìràwọ̀ àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn Kristi, ó pè é ní ohun tó dà bí ìkùukùu lẹ́yìn oró, kò sì kà á mọ́ ìràwọ̀ 21 tó kà sí ara Àkeekèé. Nínú awò olójú méjì, ìkùukùu náà fọ́ sí ìràwọ̀ bí ẹni da ìyọ̀ sílẹ̀, wọ́n jìnnà tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 980. Èkejì, M6, kéré sí i, ìràwọ̀ rẹ̀ sì tò bí ìyẹ́ labalábá. Àwọn méjèèjì ni ẹ̀gbọ́n mi rí kí n tó júwe wọn.

Mo ní ìdí mìíràn tí mi ò fi sùn. Gbogbo ìwé ló sọ pé Zeus fi Orion àti Àkeekèé sí òdìkejì ara wọn, pé bí ọ̀kan bá ń yọ, èkejì á máa sá wọ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Bí aago méjì òru ti ń kọjá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ omi. Sargas lọ ṣáájú àyà. Lẹ́yìn rẹ̀, Antares àti Acrab fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ rì lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, Antares di ràkọ̀ràkọ̀ kó tó kan omi, ó pupa sí i, ó parẹ́. Oró ló kẹ́yìn. Shaula àti Lesath ṣì dá dúró lórí omi fún bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí àyà ti lọ. Mo wá yíjú sí ìlà-oòrùn. Kò sí Orion. Òkìtì ìràwọ̀ kéékèèké Pleiades ti wà lókè níbẹ̀, Aldebaran yọ láìpẹ́ sí i, ọdẹ kò yọ. Ó tó wákàtí kan àti ààbọ̀ ó lé kí Bellatrix, èjìká rẹ̀ kan, tó yọrí. Betelgeuse àti Rigel tẹ̀ lé e, wọ́n jọ yọ, ìlà ìgbànú rẹ̀ dúró gbọnrangandan láàárín wọn, ilẹ̀ sì ti ń fẹ́ mọ́.

Nítorí náà, lápá yìí, ọ̀rọ̀ náà kò bára mu. Ọ̀run ṣófo fún àwọn méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Apá kejì ló bára mu. Ní òpin oṣù kẹrin, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, orí Àkeekèé máa ń yọ lórí omi yìí ní ìgbà tí ẹsẹ̀ Orion ń wọ̀ lódìkejì. Bí Aratus sì ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn: pé nígbà tí Àkeekèé bá ń bọ̀ ni Orion ń sá. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ọlọ́nà méjì. Ó sì bọ́gbọ́n mu, nítorí ọdẹ ló ń bẹ̀rù. Àkeekèé kò sá fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, Gavdos

Afẹ́fẹ́ le, ọkọ̀ kò ní lọ lónìí. A sùn títí oòrùn fi ga.

Lọ́sàn-án, lábẹ́ igi, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ ìtàn mìíràn fún àwọn. Mo sọ ti Phaethon, bí Ovid akéwì ará Róòmù ṣe sọ ọ́. Ọmọ Oòrùn ni, ó tọrọ kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan péré, ẹṣin náà sì lágbára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ibi tí Àkeekèé ti na ẹ̀mú rẹ̀ sí ilé méjì, tó rí oró dúdú tó ń kán lára rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ìjánu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ já wálẹ̀, ayé ń jóná, Zeus sì fi àrá lu ọmọ náà pa. Ilé méjì tí Ovid wí yìí kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ idẹ inú gíláàsì lọ́jọ́ Ajé.

Àwọn ará Gíríìsì kọ́ ló kọ́kọ́ rí àkeekèé níbẹ̀. Àwọn ará Bábílónì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn, Girtab tó jẹ́ orúkọ ìràwọ̀ kan nínú ìrù rẹ̀ títí di òní sì ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Àwọn ẹ̀yà mìíràn rí nǹkan mìíràn. Ní Hawaii, ìwọ̀ ẹja Māui ni, èyí tó fi fa àwọn erékùṣù jáde láti ìsàlẹ̀ òkun. Ní Ṣáínà, ó jẹ́ apá kan lára Dírágónì ìlà-oòrùn: Antares ni ọkàn rẹ̀, ìrù Àkeekèé sì ni ìrù tirẹ̀ náà. Àwọn Māori ń pe Antares ní Rehua, ìràwọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ti ìwọ̀ ẹja ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀, pé ó hàn pé ẹni tó sọ ọ́ mọ òkun. Mi ò bá wọn jiyàn.

Lálẹ́, afẹ́fẹ́ ti gbá ojú ọ̀run mọ́. Ó ku ibì kan tí mi ò tíì fi awò wò dáadáa, ìyẹn Zeta, níbi tí ìlà ti yí. Ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ tí ojú lásán lè yà, ọ̀kan pọ́n bí ọsàn, èkejì funfun pẹ̀lú búlúù díẹ̀. Ìsúnmọ́ra wọn kò tọkàn wá. Èyí tó pọ́n wà nítòsí wa, kò ju ọdún ìmọ́lẹ̀ bíi 130 lọ. Èkejì wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ìmọ́lẹ̀, ó sì wà lára àwọn ìràwọ̀ tó ń tàn jù tí a mọ̀. Lókè wọn díẹ̀ ni NGC 6231 wà, òkìtì kékeré tó tàn yòò, tí Giovanni Battista Hodierna ti rí kó tó di 1654. Ní Chios, inú kùrukùru ni gbogbo apá yìí wà.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Zeta méjèèjì, NGC 6231, gíga dígírì 13, kò sí kùrukùru. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbé awò náà wá, pé àwọn fẹ́ tún wo èyí tó wà lẹ́yìn oró.